Ọrọ̀ Inú Ilẹ̀, Ìṣẹ́ Orí Ilẹ̀: Kí Ni Lítíọ́ọ̀mù Lè Mú Wá fún Èkìtì?

Láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ òkúta lítíọ́ọ̀mù ti gba ẹnu àwọn ènìyàn kan ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, pàápàá ní agbègbè Ìjerò, níbi tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́ pé òkúta olówó iyebíye, tin, àti columbite pẹ̀lú tantalite, àwọn òkúta tí wọ́n ń yọ irin lára wọn, wà nínú àpáta. Lítíọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe bátìrì fóònù, kọ̀ǹpútà alágbèéká àti ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná, nítorí náà kò yani lẹ́nu pé àwọn ọ̀dọ́ gbé dígà wọgbó nígbà tí gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri lójú méjèèjì. Amọ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní kaolin wà ní Ìsàn-Èkìtì, òkúta tí wọ́n ń fọ́ fún ilé àti títì kò sì ṣọ̀wọ́n láti Ìkẹ́rẹ́ dé Adó. Ìbéèrè tó wá ń jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé, bí Ọlọ́run bá fi gbogbo èyí jíǹkí wa, kí ló dé tí Ilẹ̀ Iyì ṣì ń wo ojú Àbújá lóṣooṣù kí ó tó lè san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́?

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti Èkìtì nìkan. Inú ilẹ̀ Orílẹ̀-èdè Olómìnira Tiwantiwa ti Kóńgò ni nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún cobalt, irin tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì, tí gbogbo ayé ń lò ti ń wá, síbẹ̀ àwọn tí ìṣẹ́ ń ṣẹ́ gidigidi níbẹ̀ ju ìdajì àwọn ará ìlú lọ. Kò sí orílẹ̀-èdè tí epo rọ̀bì tí wọ́n kà sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀ tó ti Venezuela, àmọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà tó ti fi ilé sílẹ̀ lọ wá oúnjẹ sí ìlú onílùú ti ju mílíọ̀nù 7 lọ. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, Oloibiri tó wà ní Ìpínlẹ̀ Bayelsa lónìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí epo tó pọ̀ tó láti tà, ní ọdún 1956. Nígbà tí àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ gbé àbájáde ìwádìí rẹ̀ lórí ìṣẹ́ jáde ní ọdún 2022, mílíọ̀nù 133 ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n kà mọ́ tálákà, Bayelsa sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ìṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ. Ẹni tó bá ń yọ̀ pé lítíọ́ọ̀mù ti dé yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà Oloibiri. Ẹ̀wẹ̀, Japan àti South Korea kò ní epo tàbí góòlù kan tó yẹ ní fífi yangàn, bẹ́ẹ̀ sì ni South Korea kò sàn ju Ghana lọ ní àkókò tí Ghana ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, síbẹ̀ àwọn méjèèjì ti di ọlọ́rọ̀ lónìí.

Ọ̀mọ̀wé Richard Auty, tó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Lancaster ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ̀wé ní ọdún 1993 pé ọrọ̀ inú ilẹ̀ lè di ègún fún ẹni tó ni ín. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Jeffrey Sachs àti Andrew Warner kó ìṣirò ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ láti ọdún 1970 síwájú, wọ́n sì rí i pé àwọn tó gbójú lé títa ohun inú ilẹ̀ àti ohun ọ̀gbìn ní tútù jù lọ ni ọrọ̀ ajé wọn ń rá pálá jù. Àwọn onímọ̀ mìíràn ta kò wọ́n. Wọ́n ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Australia kún fún ohun àlùmọ́ọ́nì, wọn kò sì tòṣì. Wọ́n tún ní ìpín tí ohun inú ilẹ̀ kó nínú ọjà tí orílẹ̀-èdè kan ń tà ni Sachs àti Warner wọ̀n, kì í ṣe bí ohun náà ṣe pọ̀ tó nínú ilẹ̀: orílẹ̀-èdè tí kò ní ilé iṣẹ́, tí kò rí nǹkan mìíràn tà, òkúta nìkan ni yóò máa hàn nínú ìwé ọjà rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé òṣì lè ti wà nílẹ̀ kí òkúta tó dé. Lójú tèmi, àríwísí yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òkúta kì í dédé sọ ènìyàn di tálákà. Ohun tó yẹ kí a tọ pinpin ni ọ̀nà tí owó rẹ̀ ń gbà wọlé, ọwọ́ ẹni tó ń bọ́ sí, àti ẹni tó lẹ́nu láti béèrè ìṣirò lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Bí owó náà bá tilẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ rere, ó lè ba iṣẹ́ mìíràn jẹ́. Ní ọdún 1959, wọ́n rí afẹ́fẹ́ gáàsì rẹpẹtẹ ní Groningen ní orílẹ̀-èdè Netherlands. Owó gáàsì mú kí owó ilẹ̀ náà lágbára, ọjà tí àwọn ilé iṣẹ́ wọn ń ṣe sì wá wọ́n jù lójú àwọn tó ń rà á lókè òkun, títí tí àìríṣẹ́ṣe fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Àwọn oníròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sọ ìṣòro náà ní àìsàn àwọn ará Netherlands ní ọdún 1977.

Àìsàn yẹn ṣe àwa náà, ó sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àwọn ọdún 1960, Ghana nìkan ló ń gbin kòkó jù wá lọ ní gbogbo ayé. Ẹ jẹ́ kí a mú àgbẹ̀ kan ní Emùré-Èkìtì bí àpẹẹrẹ. Dọ́là tàbí pọ́n-ùn ni wọ́n ń fi kòkó rẹ̀ tà lókè òkun, náírà ló sì ń délé bá a. Ní ọdún 1980, lẹ́yìn tí owó epo ti kún àpò ìjọba, náírà kan níye lórí ju dọ́là kan lọ, tó fi jẹ́ pé dọ́là kọ̀ọ̀kan tí kòkó rẹ̀ pa, bí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ tán, kò tó náírà kan. Bẹ́ẹ̀, lébìrà tó ń bá a ro oko ti gba Èkó lọ, níbi tí àwọn kọngílá ti ń fi owó epo kọ́ afárá àti ilé ìjọba. Èyí tó kù nílé ń béèrè owó tí kòkó kò lè san. Oko wá di igbó, igi tó ti darúgbó kò rí arọ́pò, ọmọ tó sì jáde ìwé kò fẹ́ gbọ́ ohun tó ń jẹ́ oko etílé, áńbọ̀sì oko ẹgàn. Àwọn àgbà wa a máa fi ìgbà náà yangàn pé náírà wa ju dọ́là lọ, òótọ́ sì ni. Àmọ́ agbára náírà yẹn gan-an ló fún àgbẹ̀ kòkó lọ́rùn.

Iye tí epo ń tà kì í sì í dúró sójú kan. Láàárín ọdún 1973 sí 1974 ó fò sókè ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin, ìjọba sì pín owó Údójì, ìyẹn àfikún owó oṣù, fún àwọn òṣìṣẹ́, àwọn tó ra alùpùpù àti fíríìjì nígbà náà ṣì ń sọ ìtàn rẹ̀. Iṣẹ́ irin Ajaokuta bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1979. Wọ́n yá owó lé epo lórí, bí ẹni pé ọjà kò ní yí padà láé. Nígbà tí iye epo sì wó lulẹ̀ ní ọdún 1986, gbèsè ló kù, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀ sì já náírà sílẹ̀ láti orí àga rẹ̀.

Síbẹ̀, nínú gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ owó orí ló wúwo jù lójú mi, òun ni a kì í sì í sábà mẹ́nu bà nígbà tí a bá ń ka àwọn ohun tí ilẹ̀ wa ní. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Owó orí àti kòkó ló gbé ètò náà ró, Èkìtì sì jẹ àǹfààní rẹ̀ dé ibi tí a mọ̀ ọ́n dé lónìí. A kò gbọ́dọ̀ purọ́ pé àgbẹ̀ rí ọ̀fẹ́ kankan níbẹ̀: àjọ tó ń ra kòkó ń san owó tó kéré sí iye tí wọ́n ń tà á ní ọjà àgbáyé, ohun tó ṣẹ́kù sì ni ìjọba fi ń ṣe ìlú. Àgbẹ̀ mọ̀ pé owó òun ni wọ́n ń ná. Nígbà tí owó orí wá wọni lọ́rùn, tí ọ̀nà oko kò ṣe é gbà, tí agbowó-orí sì ń fìyà jẹ wọ́n, ẹgbẹ́ Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní ọdún 1968 àti 1969. Ọmọ Ìyìn-Èkìtì, Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀, ni gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà. Ẹ̀mí ṣòfò, ìbọn ró, ṣùgbọ́n ní ìkẹyìn ìjọba jókòó bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n sì dín owó orí náà kù. Ìjọba tó ń jẹun lọ́wọ́ àgbẹ̀ kò lè ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́ ohùn àgbẹ̀.

Owó epo kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ epo ló ń san án sínú àpò ìjọba àpapọ̀, ìjọba àpapọ̀ á sì pín in fún ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Kò sí ìyá aláta kan ní Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì tó mọ̀ ọ́n lára nígbà tó ń wọlé, kò sì mọ̀ ọ́n lára nígbà tó bá sọnù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo owó orí tí Nàìjíríà ń gbà kò tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ tí ilẹ̀ náà ń pèsè lọ́dún, èyí sì wà lára èyí tó kéré jù lọ láyé. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ gómìnà kò nílò kí ọjà ìlú rẹ̀ tà dáadáa kó tó lè rí owó ná. Ohun tó nílò ni pé kí epo tà, kí òun sì wà lórí àga ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń pín in. Ìdí nìyí tí ìdìbò fi ń dà bí ogun. Ní Equatorial Guinea, níbi tí epo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn gan-an láti àárín àwọn ọdún 1990, Teodoro Obiang ti wà lórí oyè láti ọdún 1979, ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Faransé sì dá ọmọ rẹ̀, tó tún jẹ́ igbákejì rẹ̀, lẹ́bi ní ọdún 2017 pé ó fi owó ìlú ra ilé àti ọkọ̀ olówó ńlá. Ní Sierra Leone, owó dáyámọ́ǹdì wà lára ohun tó mú kí ogun abẹ́lé pẹ́ láti ọdún 1991 dé 2002, nítorí pé ẹni tó ní ṣọ́bìrì àti ìbọn kò ṣe aláìní ẹni tí yóò ra òkúta lọ́wọ́ rẹ̀.

Botswana ni gbogbo ènìyàn máa ń tọ́ka sí pé kò gba ọ̀nà yìí, ìtàn rẹ̀ sì tó kí a fara balẹ̀ kà á. Nígbà tí ó gba òmìnira ní ọdún 1966, ó wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó tòṣì jù lọ láyé: títì ọlọ́dà rẹ̀ kò ju kìlómítà 12 lọ, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà tó gboyè ní yunifásítì kò sì ju 22 lọ. (Ní Èkìtì níhìn-ín, àwọn agboolé kan wà tí iye yẹn kò ní bà lẹ́rù.) Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n rí dáyámọ́ǹdì ní Orapa. Ààrẹ Seretse Khama, tó jẹ́ ọmọ ọba àwọn Bangwato, ló ṣe ìjọba nígbà náà, Orapa sì wà ní ilẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ gan-an. Ó rọrùn fún un láti sọ pé tiwa ni, kí ẹ̀yà mìíràn sì máa wò wọ́n. Dípò bẹ́ẹ̀, òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1967 fi ohun inú ilẹ̀ sí ọwọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè. Lẹ́yìn náà, ìjọba bá De Beers, ilé iṣẹ́ tó ń wa dáyámọ́ǹdì, dúnàádúrà títí tí ìpín wọn fi dọ́gba nínú ilé iṣẹ́ Debswana. Wọ́n fi owó náà ṣe títì, ilé ẹ̀kọ́ àti omi ẹ̀rọ, wọ́n sì dá àpò ìfipamọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Pula Fund sílẹ̀ ní ọdún 1994.

Ẹni tó bá fi Botswana ṣe àwòkọ́ṣe gbọ́dọ̀ sọ apá kejì pẹ̀lú. Àlàfo tó wà láàárín olówó àti tálákà níbẹ̀ wà lára èyí tó fẹ̀ jù lọ láyé, bẹ́ẹ̀ ni dáyámọ́ǹdì ṣì kó èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń tà sókè òkun. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dáyámọ́ǹdì nínú ẹ̀rọ, tí iye rẹ̀ sì já, àpò ìjọba gbẹ. Ní ọdún 2024, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ti ń ṣe ìjọba láti ọdún 1966 fìdí rẹmi nínú ìdìbò, Duma Boko sì di ààrẹ. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba rẹ̀ kéde ìpàjáwìrì lórí ètò ìlera nítorí pé oògùn ti tán ní àwọn ilé ìwòsàn. Pẹ̀lú èyí náà, ìyàtọ̀ ṣì wà: àwọn tó ṣe ìjọba fi àga sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí ẹni tó gbé ìbọn.

Norway kò gba wá ní àkókò púpọ̀. Epo tí wọ́n rí ní Ekofisk ní ọdún 1969 bá ìjọba tó ti mọ bí a ṣe ń gba owó orí àti ilé ẹjọ́ tí kì í bẹ̀rù alágbára. Wọ́n ṣe òfin àpò ìfipamọ́ epo ní ọdún 1990, owó àkọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ ní ọdún 1996, ìwọ̀nba díẹ̀ péré ni wọ́n sì ń yọ níbẹ̀ lọ́dọọdún. Nàìjíríà náà dá irú àpò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2011 pẹ̀lú bílíọ̀nù kan dọ́là, àwọn gómìnà sì gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sílé ẹjọ́ pé àwọn fẹ́ kí wọ́n pín owó epo náà.

Kí wá ni ti Ìjerò nínú gbogbo èyí? Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ ní kedere pé ti ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì, ibi yòówù kí ó wà. Òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 ló ń sọ bí wọ́n ṣe ń fúnni ní ìwé àṣẹ, Àbújá ni wọ́n sì ti ń fúnni. Gómìnà Èkìtì kò lè fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ láti wa lítíọ́ọ̀mù, bẹ́ẹ̀ ni ọba ìlú kò lè fún un. Ẹni tó ni oko ni ó ni igi kòkó àti iṣu tó wà lórí rẹ̀, òfin sì ní kí wọ́n san owó ohun ọ̀gbìn tí wọ́n bá bà jẹ́ fún un, àmọ́ òkúta tó wà nísàlẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ìwé òfin tún sọ pé ìpínlẹ̀ tí wọ́n bá ti wa ohun kan lẹ́tọ̀ọ́ sí ìpín tí kò dín ní ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá wọ àpò àjọpín láti ara rẹ̀. Gbogbo ohun inú ilẹ̀ ni òfin yìí dárúkọ, kì í ṣe epo nìkan. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé owó tó ń ti ara òkúta wọlé kéré gan-an, nítorí pé púpọ̀ nínú rẹ̀ kò gba ojú ìwé kọjá.

Bí a bá dé ibi ìwakùsà kékeré, ohun tí a ó rí kò ṣòro láti yé ni. Ihò tóóró kan sọ̀ kalẹ̀, ọkùnrin méjì tàbí mẹ́ta wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú dígà, òòlù àti iná orí. Àwọn obìnrin àti ọmọdékùnrin ń ṣa òkúta lókè, wọ́n ń ya èyí tó ní àwọ̀ àlùkò sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó funfun, wọ́n sì ń kó o sínú àpò. Alágbàtà ló ń mú èérún rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò láti mọ bí lítíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, òun kan náà ló sì ń mú èsì bọ̀. Iye tó bá dá ni wọ́n ń tà á. Ọkọ̀ akẹ́rù á gbé e lọ sí Èkó, ọkọ̀ ojú omi á sì gbé e kọjá, lọ́pọ̀ ìgbà sí ilẹ̀ Ṣáínà. Ihò náà yóò wà níbẹ̀, òjò yóò rọ̀ sí i. Ní Zamfara ní ọdún 2010, eruku òjé láti ara òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ nílé pa àwọn ọmọdé tí wọ́n fojú bù pé wọ́n tó 400.

Ọmọ Èkìtì ni mínísítà tó ń mójú tó ohun àlùmọ́ọ́nì láti oṣù Kẹjọ ọdún 2023, Dele Alake. Ó ti gbé ẹ̀ṣọ́ kalẹ̀ fún àwọn ibi ìwakùsà ní ọdún 2024, ó sì ń sọ pé ẹni tí kò bá ní ètò láti ṣiṣẹ́ lórí òkúta náà nílẹ̀ yìí kò ní rí ìwé àṣẹ gbà. Ètò náà dára lójú ìwé. Ṣùgbọ́n iye lítíọ́ọ̀mù ní ọjà àgbáyé já wálẹ̀ ní ohun tó ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ láti ìparí ọdún 2022 sí ọdún 2024, ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ yóò ro ìyẹn mọ́ owó dísù àti ọ̀nà tó ti bàjẹ́. Èkìtì ti rí irú rẹ̀ rí. Ní Ìrè, ìlú tí Ògún yà sí mu ẹmu, ìjọba dá ilé iṣẹ́ bíríkì sílẹ̀ nítorí amọ̀ tó dára tó wà níbẹ̀. Amọ̀ kò tán, ọjà bíríkì kò sì tán, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé iṣẹ́ náà fi dákẹ́. Lákòókò tí kòkó tọ́ọ̀nù kan ju 10,000 dọ́là lọ ní ọdún 2024, owó náà dé ọwọ́ àgbẹ̀ wa ju ti ìgbàkígbà rí lọ, nítorí pé wọ́n ti fagi lé àjọ tó ń ra kòkó láti ọdún 1986. Òun náà ti já wálẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, àmọ́ ẹni tó tọ́jú igi rẹ̀ ṣì ní igi.

Ohun kan wà nínú òfin ọdún 2007 tí ìlú lè dì mú. Kí ẹni tó gba ìwé àṣẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀, ó gbọ́dọ̀ bá ìlú náà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ìdàgbàsókè. Ìwé náà lè dárúkọ owó ẹ̀kọ́, iṣẹ́ fún àwọn ọmọ ìlú, ọ̀nà, ilé ìwòsàn àti bí wọ́n yóò ṣe tọ́jú àyíká, wọ́n sì ní láti tún un yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Níbi tó bá jẹ́ pé òru ni wọ́n ń wa ilẹ̀, tí ẹni tó ń ra òkúta kò sì ní ìwé àṣẹ kankan, kò sí ẹni tí ìlú yóò bá tọwọ́ bọ ohunkóhun. Níbi tí ìwé bá sì wà, ohun tó yẹ kí a béèrè ní ìpàdé ìlú ni ọwọ́ ẹni tí ẹ̀dà rẹ̀ wà: ṣé ààfin nìkan ni, àbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, àwọn obìnrin ọjà àti àwọn tí wọ́n wa oko wọn náà ní ẹ̀dà tiwọn?